Owó ti kúrò ní báńkì oníbàárà, ṣọ́ọ̀bù mi ní òun ò rí i: ṣé kí n tú gbogbo rẹ̀ ká ni?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Àdìrẹ ni mò ń tà ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta, mo sì ní ṣọ́ọ̀bù orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi WooCommerce bá mi ṣe. Paystack la fi ń gbowó níbẹ̀. Ó tún so ìwé ìṣirò owó, ilé-iṣẹ́ tó ń gbé ẹrù, WhatsApp àti nǹkan tó ń ka iye ọjà mọ́ ọn. Láti bí oṣù mélòó kan, oníbàárà á sanwó, báńkì á yọ owó rẹ̀, ṣọ́ọ̀bù á ní kò tíì san. Ẹnìkan ní Àkúrẹ́ tilẹ̀ ní òun san owó aṣọ kan lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, aṣọ tí mo ti tà ní ìsọ̀ ni ẹlòmíràn á tún rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ní kí n kó lọ sí Shopify, ilé-iṣẹ́ mìíràn tó ń gba ṣọ́ọ̀bù orí íntánẹ́ẹ̀tì sílé. Ẹlòmíràn ní òun á bá mi tún un ṣe, kí n ṣáà fi kọ́kọ́rọ́ Paystack mi ránṣẹ́ sóun lórí WhatsApp. Èwo ni kí n ṣe?"

Ẹ kú ọjà, ìyá wa. Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ má fi kọ́kọ́rọ́ yẹn, ìyẹn ọ̀rọ̀ àṣírí tí ṣọ́ọ̀bù yín fi ń bá Paystack sọ̀rọ̀, ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni lórí WhatsApp, ì báà jẹ́ ọmọ ìyá yín. A máa débẹ̀. Bí mo ṣe ka ìwé yín, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló lọ́ mọ́ra wọn níbẹ̀ tí ẹ ń pè ní ọ̀kan: owó tí ṣọ́ọ̀bù ní òun ò rí, aṣọ kan tí èèyàn méjì ń rà, àti bóyá kí ẹ kó kúrò níbi tí ẹ wà. Ibi tí wọ́n ti ṣẹ̀ wá yàtọ̀ síra, oògùn wọn ò sì lè jẹ́ ọ̀kan náà. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, nítorí náà kí Shopify ṣì dúró lẹ́yìn ná.

Ohun tó ń ṣi ọ̀pọ̀ ọlọ́jà lọ́nà ni pé wọ́n rí àmì Paystack lójú ibi ìsanwó, wọ́n wá gbà pé inú ṣọ́ọ̀bù ni owó ń gbà kọjá. Kò gba ibẹ̀ rárá. Láti báńkì oníbàárà, owó lọ sọ́dọ̀ Paystack. Tó bá di ọjọ́ iṣẹ́ kejì, Paystack á yọ owó iṣẹ́ tirẹ̀, á san ìyókù sí àkáǹtì yín. WooCommerce ò fojú kan kọ́bọ̀ níbẹ̀. Ìwé àkọsílẹ̀ ni. Ó kọ ọ́ pé lágbájá fẹ́ ra àdìrẹ ẹlẹ́kọ yáàdì márùn-ún, ó fi "pending payment" sí i lára, ó sì jókòó títí ẹnìkan á fi wá sọ fún un pé owó ti wọlé. Bí kò bá sẹ́ni tó sọ fún un, kò lè mọ̀. Torí náà, nígbà tó bá ní wọn ò tíì san, irọ́ kọ́ ló ń pa, owó náà ò sì sọnù. Ìròyìn ni ò dé etí rẹ̀. Ibi tí ìròyìn ti já lójú ọ̀nà la fẹ́ wá.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀lé ọ́dà kan ṣoṣo. Oníbàárà kan mú aṣọ ₦18,500, ó tẹ ibi ìsanwó. Ṣọ́ọ̀bù yín kọ ọ́dà náà sílẹ̀, ó sì fi iye rẹ̀ ránṣẹ́ sí Paystack. Kọ́bọ̀ ni Paystack fi ń kawó, 1850000 sì ni ẹ máa bá nínú àkọsílẹ̀ tí wọ́n bá ṣí i hàn yín. Kó má já yín láyà. Paystack fún oníbàárà ní nọ́ńbà àkáǹtì tó máa tíráńsífà sí. Ó kúrò lójú ibẹ̀, ó ṣí áàpù báńkì rẹ̀, ó fi owó ránṣẹ́, báńkì ní ó ti lọ. Ní tirẹ̀, ọjà ti parí nìyẹn. Ó pa fóònù dé, ó bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Kò padà sójú ibi tí Paystack ì bá ti dá a padà sí ṣọ́ọ̀bù yín. Bẹ́ẹ̀, pípadà yẹn ni ọ̀nà àkọ́kọ́ tí ìròyìn ń gbà dé: bí oníbàárà bá padà, ṣọ́ọ̀bù á bi Paystack léèrè bóyá lóòótọ́ ló san, Paystack á sì dá a lóhùn. Bí dátà bá tán, bí bátìrì bá kú, bí èèyàn bá kàn gbàgbé, ọ̀nà yẹn ti dí. Ẹni tó fi káàdì san sábà máa ń padà, torí pé kò kúrò lójú kan náà. Ẹni tó ṣe tíráńsífà ló ń dúró sójú ọ̀nà, tíráńsífà sì làwọn èèyàn wa fẹ́ràn báyìí.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, ni wọ́n ṣe la ọ̀nà kejì, tí wọ́n ń pè ní webhook. Ìránṣẹ́ ni. Tí owó bá ti wọlé, Paystack fúnra rẹ̀ á rán an lọ sí àdírẹ́sì kan lára ṣọ́ọ̀bù yín, kò ní dúró de oníbàárà; á kan ilẹ̀kùn, á jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an, "charge.success", á sì dúró gbọ́ èsì. Èsì tó ń retí ni 200, ìyẹn ni pé "a ti gbọ́". Bí kò bá gbọ́ 200, á padà wá ní ìṣẹ́jú mẹ́ta-mẹ́ta fún ìgbà mẹ́rin àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà á máa wá ní wákàtí-wákàtí títí wákàtí 72 á fi pé. Tí ìyẹn bá ti kọjá, kò ní wá mọ́. Bí ọ́dà yín bá wà ní "pending" fún odidi ọjọ́ mẹ́ta nígbà tí owó ti wà lọ́dọ̀ Paystack, a jẹ́ pé kò sẹ́ni tó ṣílẹ̀kùn fún un nínú gbogbo ìgbà tó wá, tàbí kẹ̀ ilé onílé ni wọ́n ń rán an lọ.

Ilé onílé yìí ni mo fura sí jù nínú ọ̀rọ̀ tiyín. Àyè kan ṣoṣo ni Paystack fún oníṣòwò láti kọ àdírẹ́sì webhook tòótọ́ sí, àyè kejì jẹ́ ti ìdánwò. Ọ̀pọ̀ ìwé ìṣirò orí íntánẹ́ẹ̀tì sì máa ń sọ fún yín nígbà tí ẹ bá ń so wọ́n mọ́ Paystack pé, "ẹ lẹ àdírẹ́sì wa yìí síbẹ̀." Ẹni tó ń bá yín ṣe é á lẹ̀ ẹ́, ti ṣọ́ọ̀bù á sì pa rẹ́ láì sí ariwo kankan. Ìwé ìṣirò á máa gbọ́ gbogbo ìròyìn owó, ṣọ́ọ̀bù tó ń ta ọjà ò ní gbọ́ ìkankan. Ẹ ní láti bí oṣù mélòó kan ni. Ẹ bi ọmọ ẹ̀gbọ́n yín pé oṣù wo ló so ìwé ìṣirò mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà, kó wọ Paystack, kó lọ sí Settings, níbi tí wọ́n kọ API Keys & Webhooks sí, kó ka ohun tó wà ní Live Webhook URL sókè kí ẹ gbọ́. Orúkọ ṣọ́ọ̀bù yín ló yẹ kó wà níbẹ̀, kó sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú https. Bí orúkọ ẹlòmíràn bá wà níbẹ̀, a ti rí i nìyẹn. Kó dá ti ṣọ́ọ̀bù padà, kí ìwé ìṣirò wá máa gba ìròyìn tirẹ̀ lọ́dọ̀ WooCommerce. WooCommerce náà ní webhook tirẹ̀, kò sì ka iye àdírẹ́sì tí ẹ lè fún un léèwọ̀. Àléébù rẹ̀ kan ni pé bí iṣẹ́ tó rán bá kùnà ju ìgbà márùn-ún lọ léraléra, á pa webhook yẹn fúnra rẹ̀, ẹ kàn máa bá "Disabled" níbẹ̀ lọ́jọ́ kan ni.

Bó bá jẹ́ pé àdírẹ́sì dára, ẹ jẹ́ kó wo èsì tí ṣọ́ọ̀bù ń fún ìránṣẹ́ náà. Bó bá jẹ́ 403 ló ń gbọ́, ẹ̀ṣọ́ ló lé e padà. Plugin ààbò (plugin ni ohun kékeré tí wọ́n ń so mọ́ ṣọ́ọ̀bù láti fi kún iṣẹ́ rẹ̀), tàbí ààbò ilé-iṣẹ́ tó gba ṣọ́ọ̀bù yín sílé, rí i pé kì í ṣe èèyàn ló ń kan ilẹ̀kùn, ó sì kà á sí olè. Mo ti bá irú èyí pàdé léraléra. Paystack kọ àwọn nọ́ńbà IP, ìyẹn àdírẹ́sì ẹ̀rọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ìránṣẹ́ wọn ń gbà wá sínú ìwé ìlànà wọn. Kí ọmọ yín sọ fún ẹ̀ṣọ́ pé kó jẹ́ kí àwọn yẹn kọjá. Bó bá jẹ́ pé ìwé ẹ̀rí SSL, èyí tó ń jẹ́ kí àdírẹ́sì ṣọ́ọ̀bù lè lo https, ti kú, ìyẹn tún yàtọ̀. Èyí tí Let's Encrypt ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́ kì í ju ọjọ́ 90 lọ, bí ohun tó ń tún un ṣe bá sì dákẹ́, ìránṣẹ́ ò ní wọlé. Ẹ̀kẹta ni ìfàfalẹ̀, ibẹ̀ sì ni pípọ̀ tí nǹkan pọ̀ lára ṣọ́ọ̀bù yín ti wá ń dunni. Tí ìròyìn owó bá dé, àwọn plugin tí wọn ò ṣe dáadáa á fẹ́ kọ́kọ́ fi ímeèlì ránṣẹ́, wọ́n á ké sí WhatsApp, wọ́n á béèrè waybill lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tó ń gbé ẹrù, wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé ìṣirò, kí ṣọ́ọ̀bù tó ráàyè sọ pé 200. Bí ẹyọ kan bá ń falẹ̀ nínú wọn, gbogbo wọn ló ń dúró dè é. Ìránṣẹ́ á sì ti lọ.

Ohun kan tún wà tí kò kan webhook, tó sì ń ba ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ sí i. Lábẹ́ Inventory nínú ètò WooCommerce, ibì kan wà tí wọ́n ń pè ní Hold stock. Ìṣẹ́jú 60 ni wọ́n fi sí i láti ilé-iṣẹ́ wọn wá. Bí wákàtí kan bá kọjá tí ìròyìn owó ò dé, ṣọ́ọ̀bù á fagi lé ọ́dà náà, á sì dá aṣọ padà sórí àtẹ. Oníbàárà yín ti san, aṣọ rẹ̀ ti wà lórí àtẹ, ẹlòmíràn ti ń wò ó. Àwọn kan máa ní kí ẹ pa ètò yẹn rẹ́ pátápátá. Èmi ò ní sọ bẹ́ẹ̀, torí pé ẹni tó kàn ń fi ọjà ṣeré láì sanwó á mú aṣọ yín dání láì jẹ́ kí ẹlòmíràn rà á. Ẹ fẹ̀ ẹ́ díẹ̀, bóyá wákàtí mẹ́fà, ẹ wo bó ṣe rí. Ẹ má sì jẹ́ kó yà yín lẹ́nu bó bá pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ: ohun tó ń ka àkókò fún WordPress, ìyẹn ìpìlẹ̀ tí WooCommerce dúró lé, kì í sábà ṣiṣẹ́ àfi tí èèyàn bá yà sí ṣọ́ọ̀bù. Ní òru tí kò sẹ́ni, òun náà ń sùn.

Ó kan aṣọ tí èèyàn méjì ń rà. Ẹ dárí jì mí, ṣùgbọ́n kò sí plugin tó lè wo inú ìsọ̀ yín. Bí ẹnìkan bá na aṣọ lé oníbàárà lọ́wọ́ ní Ìtòkú, tó gba owó, tí kò sì fọwọ́ kan fóònù, ṣọ́ọ̀bù orí íntánẹ́ẹ̀tì á ṣì máa ta aṣọ yẹn títí ilẹ̀ á fi mọ́. Nǹkan tó ń ka iye ọjà tí wọ́n so mọ́ ọn ò yanjú èyí; ńṣe ló sọ ìwé kan di méjì, tí ẹ ò wá mọ èyí tó sọ òótọ́ nínú wọn. Ẹni tó ń ta bisikíìtì páálí-páálí lè fara da kí iye máa yàtọ̀ pẹ̀lú méjì tàbí mẹ́ta. Àdìrẹ tí wọ́n fọwọ́ kọ ò rí bẹ́ẹ̀, ẹyọ kan lẹyọ kan. Tó bá jẹ́ tèmi, màá yọ nǹkan yẹn kúrò, kí WooCommerce nìkan jẹ́ ìwé ọjà. Ó ní áàpù tó ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù. Kí ọmọ tó ń bá yín tajà máa fi yọ aṣọ kúrò kó tó fi ọ̀rá wé e. Ṣùgbọ́n ẹ mọ bí ìsọ̀ ṣe ń rí lọ́jọ́ ọjà ju mi lọ. Bí èrò bá pọ̀ tí ìyẹn ò ní ṣeé ṣe, ẹ ya àwọn aṣọ orí íntánẹ́ẹ̀tì sọ́tọ̀ sínú àpótí kan, kí ẹnikẹ́ni má tà wọ́n ní ìsọ̀. Owó á há síbẹ̀ díẹ̀, lóòótọ́. Ẹ ò sì ní máa bẹ oníbàárà mọ́.

Ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ wá kàn. Oríṣi méjì ni Paystack fún yín. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú pk_ ò léwu, ojú gbogbo ayé ló wà. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú sk_live_ ni àṣírí. Ẹni tó bá ní in lọ́wọ́ lè rí gbogbo ẹni tó ti sanwó fún yín, ó lè dá owó padà lórúkọ yín, bí ẹ bá sì ti ṣí àyè tíráńsífà sílẹ̀, ó lè fi rán owó jáde. Tí ẹ bá fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ó wà nínú fóònù yín, ó wà nínú tirẹ̀, ó wà níbi tí fóònù méjèèjì ń tọ́jú ẹ̀dà ọ̀rọ̀ sí, lọ́dún mẹ́ta sí i pàápàá. Kò dìgbà tí ẹni náà bá jẹ́ olè. Lọ́dún 2018, àṣírí ìwọlé òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ mìíràn tó ń bá British Airways ṣiṣẹ́ làwọn ọ̀daràn fi wọlé, wọ́n sì yí ibi ìsanwó padà kó lè máa da nọ́ńbà káàdì àwọn èèyàn kọ fún wọn. Àwọn tọ́rọ̀ kàn lé ní 400,000. Ní October 2020, ICO, àjọ tó ń dáàbò bo ìsọfúnni ní ìlú Òyìnbó, bu ìtanràn mílíọ̀nù lọ́nà 20 pọ́n-ùn lé ilé-iṣẹ́ náà lórí, kì í ṣe lé alábàáṣe wọn. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ti 2023 ò yọ ọlọ́jà kékeré sílẹ̀: ẹ̀yin lẹ gba orúkọ, nọ́ńbà àti àdírẹ́sì oníbàárà, ọ̀dọ̀ yín ni wọ́n máa kọ́kọ́ wá.

Bí ẹni yẹn bá mọ iṣẹ́ lóòótọ́, kò nílò kí ẹ fi kọ́kọ́rọ́ ránṣẹ́. Ẹ fi ímeèlì rẹ̀ pè é wọ Paystack yín, ẹ fún un ní ipò tó kéré jù tó lè fi ṣe iṣẹ́, kí ẹ sì yọ ọ́ lọ́jọ́ tó bá parí. WooCommerce náà ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀, ck_ àti cs_, a sì lè ṣe wọ́n kí wọ́n kàn máa kà, láì lè kọ nǹkan kan. Ìwé ìṣirò ò nílò ju kó kà lọ. Bí ẹ bá sì ti fún ẹnìkan ní sk_live_ tẹ́lẹ̀, ẹ ṣe òmíràn, ṣùgbọ́n kí ẹ kọ́kọ́ kọ gbogbo ibi tí ẹ ti lo ti àtijọ́ sílẹ̀, torí pé gbogbo wọn ló máa dúró lẹ́ẹ̀kan náà.

Èwo ni kí ẹ wá fi sílẹ̀ nínú gbogbo ohun tí wọ́n so mọ́ ọn? Ìsanwó gbọ́dọ̀ wà. Ilé-iṣẹ́ tó ń gbé ẹrù, bí ọ́dà bá ń wọlé lójoojúmọ́, kó wà. Bí kò bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, kíkọ waybill lọ́wọ́ ò lè pa yín lára. Èmi ò rí ìdí tí ìwé ìṣirò fi gbọ́dọ̀ máa gbọ́ ìròyìn ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú. Ẹ fa àkọsílẹ̀ jáde lóṣooṣù, kí akáwó yín kà á. Ó tilẹ̀ máa yé e ju báyìí lọ, torí pé lórí ₦18,500, Paystack ń yọ ìdá 1.5 nínú ọgọ́rùn-ún àti ₦100, ₦18,122.50 ló sì ń dé ọ̀dọ̀ yín, láìka owó orí. Owó odidi ọjọ́ kan ni wọ́n sì ń dì papọ̀ sínú àláàtì kan. Ìwé ìṣirò tí wọ́n so láìfarabalẹ̀ á máa pariwo pé owó dín. Ti WhatsApp ló ń bà mí lẹ́rù jù: bó bá jẹ́ irú èyí tí wọ́n ní kí ẹ fi fóònù ya àwòrán QR, tó wá ń fi nọ́ńbà yín ránṣẹ́ fúnra rẹ̀, WhatsApp ò fọwọ́ sí i, wọ́n sì lè ti nọ́ńbà yẹn pa. Nọ́ńbà tí oníbàárà ti mọ̀ yín mọ́ kì í ṣe ohun tí a ń fi tẹ́tẹ́ ta.

Shopify dára, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Àwọn fúnra wọn ló ń tọ́jú ilé, SSL ò ní kú, ẹ̀ṣọ́ ò ní ṣìnà lé ìránṣẹ́ padà. Àmọ́ ọ̀nà ìsanwó tiwọn fúnra wọn, Shopify Payments, kò sí ní Nàìjíríà. Paystack tàbí ẹgbẹ́ rẹ̀ náà ni ẹ máa padà so mọ́ ọn, Shopify á sì gba tiwọn lé e torí pé ẹ ò lo tiwọn: ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún lórí ètò Basic. Ẹ tún máa san owó oṣù ní dọ́là. Aṣọ tí èèyàn méjì ń rà á sì bá yín débẹ̀. Bí ẹ bá ti tún ti ọwọ́ yín ṣe, tí ọmọ ẹ̀gbọ́n yín ò wá ráàyè tọ́jú rẹ̀ mọ́, ìgbà yẹn ni kí ẹ rò ó.

Mo ń sọ gbogbo èyí láì rí inú ṣọ́ọ̀bù yín, ìfura lásán sì lọ̀rọ̀ àdírẹ́sì webhook títí ẹnìkan á fi wò ó. Kò sì sí ìtúnṣe tó lè sọ pé kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́ láé. Ní ọjọ́ 14 oṣù March 2024, okùn íntánẹ́ẹ̀tì mélòó kan já lábẹ́ òkun níwájú Abidjan, àwọn báńkì wa náà sì mọ̀ ọ́n lára. Kò sí plugin tó rí nǹkan kan ṣe sí i. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀ yín pé láàárọ̀, kí ìsọ̀ tó kún, ẹ ṣí Transactions Paystack sí apá kan, ẹ ṣí ọ́dà àná sí apá kejì, ẹ fi reference, ìyẹn nọ́ńbà tí ìsanwó kọ̀ọ̀kan ń jẹ́, wò wọ́n pọ̀. Èyí tó bá wà lọ́dọ̀ Paystack, tí ṣọ́ọ̀bù ò mọ̀, ẹ fọwọ́ ara yín sọ ọ́ di "processing", ìyẹn ni pé owó ti wọlé. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Kí ọjà máa lọ títí wọ́n á fi tún un ṣe.

Ní ti oníbàárà Àkúrẹ́ yẹn, ẹ má tíì tíráńsífà owó fún un láti àkáǹtì yín. Ẹ wá ímeèlì rẹ̀ nínú Transactions. Bí ẹ bá rí "success" méjì tí reference wọn yàtọ̀, òótọ́ ló sọ. Ẹ tẹ Refund lórí ìkejì, kí àkọsílẹ̀ lè wà lára rẹ̀, kí ẹ má bàa san án lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn ọ̀la. Bó bá jẹ́ "success" kan, tí ìkejì jẹ́ "failed" tàbí "abandoned", owó kejì ò dé ọ̀dọ̀ yín nìyẹn, báńkì rẹ̀ ló yẹ kó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ kọ reference, ọjọ́ àti aago fún un kó mú lọ. Aṣọ rẹ̀ tó ti sanwó fún ní tirẹ̀, ẹ gbé e sọ́nà lónìí.